Gáàdì àbí ẹni gíga: tó bá jẹ́ ẹyọ ẹnì kan lẹ lè mú, ta lẹ máa mú?

Kóòṣì_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó lọ ṣe ohun tí màá kábàámọ̀. Àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 ni mò ń kọ́ ní básíkẹ́ẹ̀tì, àyè kan ṣoṣo ló kù nínú tíìmù, ọmọ méjì ló sì ń du ú. Ọ̀kan jẹ́ gáàdì, ìyẹn ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ tó sì ń pín in, kò ju mítà 1.75 lọ, àmọ́ bọ́ọ̀lù ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ọwọ́ òsì ni o, ọwọ́ ọ̀tún ni o, kò sì kì í wo ilẹ̀ tó bá ń gbá a bọ̀. Èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 16 tó ti ga tó mítà 2.04, apá ẹ̀ gùn gbọọrọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré láì fẹsẹ̀ kọ ara ẹni ni.

Ohun tó dà mí láàmú nìyí. Lọ́jọ́ tí mo dán wọn wò, wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ gíga yẹn lókè téńté níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè nawọ́ dé, ó gbà á, ó dáa, àfi bó ṣe gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí ìbàdí, gáàdì kékeré sì já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ti sá dé òdìkejì kí tọ̀hún tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Gbogbo àwọn tó ń wòran pariwo, èmi náà ti fẹ́ kọ orúkọ gáàdì sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kíyè sí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni gáàdì yìí kan náà já gbogbo èèyàn sílẹ̀ dé iwájú agbọ̀n, tó rí apá ọmọ gíga yẹn, tó sì yí padà tó pásì bọ́ọ̀lù síta. Ọmọ yẹn ò fò, kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ó kàn nawọ́ sókè ni. Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ irú ìyẹn sí nínú ìwé èsì.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lóde òní tá a wà yìí, ta ni kéèyàn mú? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi àwọn ará NBA, lígì ńlá Amẹ́ríkà, ṣàlàyé, màá bá yín lọ.

ỌmọỌta_Mẹ́ta

Kóòṣì, ẹ mú gáàdì jàre, kí lẹ tún ń rò sí? Ọwọ́ gáàdì ni bọ́ọ̀lù máa ń wà, ẹni gíga gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ẹnì kan bá fún un. Ẹ wo Steph Curry, ipò 7 ni wọ́n ti mú un ní dráfùtì 2009, ìyẹn ìgbà tí àwọn tíìmù ń yan ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ó tínrín jù, ní sáà 2015-16 ó ju bọ́ọ̀lù onípọ́ìntì mẹ́ta 402 wọlé, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì dé 300 rí ṣáájú ìgbà yẹn. Ife mẹ́rin ló ti gbà, 2015, 2017, 2018 àti 2022.

Ẹ sì rántí fáínà 2015 yẹn gan-an. Cleveland ti fi 2-1 ṣíwájú, Steve Kerr, kóòṣì Golden State tó jẹ́ tíìmù Curry, yọ Andrew Bogut tó jẹ́ séńtà gidi, ẹni gíga abẹ́ agbọ̀n, kúrò nínú àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀, ó fi Andre Iguodala síbẹ̀, wọ́n sì na Cleveland mẹ́ta léra léra, ó parí. Iguodala ló gba MVP fáínà, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù. Gbogbo ayé ló rí i lọ́jọ́ náà pé tíìmù lè gbé ife láì ní òpó kankan lábẹ́ agbọ̀n.

Ẹ tún wá wo 2025, Shai Gilgeous-Alexander, gáàdì ni, ó gba MVP lígì, ó gba MVP fáínà, òun náà ló ní pọ́ìntì tó pọ̀ jù, sáà kan ṣoṣo ló fi ṣe gbogbo ẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ kí gáàdì ṣe?

Ògbólógbòó_84

Àbúrò mi, rọra. Òótọ́ lo sọ nípa Curry, mo fẹ́ràn ọmọ yẹn dọ́kàn. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká padà sí dráfùtì 1984. Houston mú Hakeem Ọlájùwọ́n sí ipò kìíní, Portland mú Sam Bowie sí ipò kejì, Chicago wá mú Michael Jordan sí ipò kẹta. Títí dòní, Portland ni wọ́n ń bú. O ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú Houston, bẹ́ẹ̀ àwọn náà fo Jordan kọjá, gáàdì tó dára jù tí ojú mi rí, ẹni gíga ni wọ́n lọ mú.

Ó ní ìdí tí wọn ò fi bú wọn. Ní sáà 1993-94 Ọlájùwọ́n gba MVP, ó gba ti adífẹ́ńsì tó dára jù, ó gba MVP fáínà, lẹ́ẹ̀kan náà, kò tíì sí ẹlòmíì tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní sáà kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ipò kẹfà ni Houston wà ní ẹkùn wọn tí wọ́n fi wọ pléọ́ọ̀fù, àwọn géèmù ìyọkúrò tó ń parí sáà, wọ́n sì dé fáínà, wọ́n fi 4-0 na Orlando tòun ti Shaq. Bọ́ọ̀lù tó ti dínà láyé ẹ̀ jẹ́ 3,830, ẹnikẹ́ni ò tíì bá a. Tí wọ́n bá sọ pé ayé ti yí, ẹ wo MVP láti 2019 dé 2024: Giannis méjì, Jokić méjì, Embiid kan, Jokić tún gba òmíì. Ọdún mẹ́fà gbáko, gáàdì kankan ò fọwọ́ kàn án.

Kóòṣì, ọmọ tó ń lé gáàdì padà láì fò yẹn, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Pásì_Kíákíá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ka Giannis mọ́ séńtà. Ọmọ Adétòkunbọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ló ń gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú. Tá a bá ti ní gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti ga ni séńtà, Magic Johnson tó ga tó mítà 2.06 ńkọ́? Gáàdì ni, síbẹ̀ ní fáínà 1980, nígbà tí Kareem fẹsẹ̀ pa, òun ló bẹ̀rẹ̀ géèmù kẹfà ní ipò séńtà, ó kó pọ́ìntì 42, wọ́n gbé ife lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ẹni gíga ká tó máa jà.

Ògbólógbòó_84

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lójú tèmi, ẹni gíga ni ẹni tó ń dáàbò bo agbọ̀n tí tíìmù ẹ̀ bá wà lẹ́yìn. Ohun tó bá wù ú kó máa ṣe níwájú, kó máa ṣe é.

Arábìnrin_Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i díẹ̀ torí mo rí i pé orúkọ lẹ̀ ń kà, ẹ ò tíì sọ ohun tó yí eré padà. Ẹ ṣe ìṣirò yìí. Ẹni tó bá ń ju ti pọ́ìntì méjì tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan nínú méjì, tó bá ju 100, pọ́ìntì 100 ló máa kó. Ẹni tó ń ju ti mẹ́ta tó jẹ́ pé 35 péré ló ń wọlé nínú 100, pọ́ìntì 105 ló máa kó. Ó ń tàsé ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, síbẹ̀ ó ń jèrè jù ú lọ. Láti sáà 1979-80 ni ìlà onípọ́ìntì mẹ́ta ti wà ní NBA o, ó sì gbà wọ́n ju ogún ọdún lọ kí wọ́n tó gba ìṣirò kékeré yìí gbọ́.

Òfin náà wá dá sí i. Lọ́dún 2001 wọ́n gbà kí àwọn tíìmù máa ṣe sóònù, kí kálukú máa ṣọ́ àyè dípò ẹnì kan, ìyẹn ni pé ẹlòmíì lè wá dúró síwájú séńtà yín kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ ẹ̀ rárá, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà fẹ̀yìn ti èèyàn lábẹ́ agbọ̀n wá di ọ̀nà tóóró. Nígbà tó di 2004 wọ́n le mọ́ àwọn tó ń gbọ́wọ́ lé gáàdì lára, gáàdì bá rí ojú ọ̀nà. Ọ̀kan dí ọ̀nà ẹni gíga, èkejì la ọ̀nà fún gáàdì.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn ẹni gíga ṣe. Brook Lopez lo sáà mẹ́jọ àkọ́kọ́ ẹ̀ ní NBA, mẹ́ta péré ló ju wọlé láti ẹ̀yìn ìlà ní gbogbo sáà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, 2016-17, ó ju 134 wọlé. Èèyàn kan náà, gíga kan náà. Ẹni gíga ò kú, ilé ló kó kúrò. Nítorí náà kóòṣì, ìbéèrè tèmi ni pé ṣé ọmọ gíga yín ní ọwọ́ tó rọ̀? Ẹ ní kó ju bọ́ọ̀lù ẹ̀ṣẹ̀, èyí tí wọ́n ń jù láì sẹ́ni tó ń dí wọn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wo bí ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ṣe ń tẹ̀. Tí ọwọ́ yẹn bá ti rọ̀, yòókù á kọ́ ọ.

Dífẹ́ńsì_Nìkan

Mo ka gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń gba ife.

Tó bá ti di pléọ́ọ̀fù, tíìmù méjèèjì ti mọ ara wọn tinútẹ̀yìn, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á wá ẹnì kan ṣoṣo tí dífẹ́ńsì ẹ̀ bá mẹ́hẹ, wọ́n á máa pè é jáde, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, títí kóòṣì ẹ̀ á fi yọ ọ́. Ẹ rí Rudy Gobert, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti gba ti adífẹ́ńsì tó dára jù, ó gba ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ní 2024, oṣù kan náà ni Luka Dončić fà á jáde síta ní géèmù kejì fáínà ẹkùn wọn, tó fẹ̀yìn sẹ́yìn, tó ju mẹ́ta lé e lórí, Dallas 109, Minnesota 108. Gobert ò ṣe àṣìṣe kankan o. Ibi tí wọ́n fà á dé ni kì í ṣe ilé ẹ̀.

Kẹ́ ẹ má wá rò pé ẹni gíga nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Géèmù keje fáínà 2016, 89 sí 89, ó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú kan tí eré máa parí. Klay Thompson ló ń ṣọ́ Kyrie Irving, Cleveland ní kí ẹni tí Curry ń ṣọ́ wá dínà, wọ́n pààrọ̀, Curry ló wá kù síwájú Kyrie. Kyrie ju mẹ́ta lé e lórí. Curry yìí kan náà, tí gbogbo àwọn tó ń dìbò MVP dìbò fún pátápátá lọ́dún yẹn láì ku ẹyọ ìbò kan.

Ohun tí mo máa bi yín ni pé nínú àwọn ọmọ méjèèjì, ta ni kóòṣì ọ̀tá máa pè jáde? Mítà 1.75 yẹn, tíìmù tó bá gbọ́n á máa wá a kiri. Ọmọ gíga tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì yá náà, wọ́n á wá a kiri. Ẹni tí ẹ bá rò pé ó lè yọ nínú ìyẹn láàárín ọdún méjì ni kẹ́ ẹ mú. Ẹsẹ̀ yíyá ṣeé kọ́. Gíga ò ṣeé kọ́.

ỌmọỌta_Mẹ́ta

"Gíga ò ṣeé kọ́", ọ̀rọ̀ yìí ló ba dráfùtì jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ tíìmù lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́. 2003, Detroit mú Darko Miličić sí ipò kejì, Dwyane Wade wà níbẹ̀ títí dé ipò karùn-ún. 2018, Phoenix mú Deandre Ayton, Sacramento mú Marvin Bagley, Luka tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí ló ṣe ipò kẹta. 2020, Golden State fúnra wọn, àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù, mú James Wiseman sí ipò kejì, LaMelo Ball tẹ̀ lé e. Gíga ló ń tàn wọ́n jẹ. Wọ́n á rí ọmọ tó ga tó òrùlé, wọ́n á gbàgbé láti bi í bóyá ó mọ ibi tó yẹ kó pásì sí.

Ara wọn náà sì ńkọ́? Greg Oden, ipò kìíní 2007, ṣáájú Kevin Durant. Orúnkún. Sáà àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ rí i rárá, géèmù 105 ló gbá ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní NBA. Yao Ming, ẹsẹ̀. Wembanyama tí gbogbo wa fẹ́ràn yìí, sáà kejì ẹ̀ dúró lójijì ní oṣù kejì 2025 torí ẹ̀jẹ̀ dídì ní èjìká.

Ògbólógbòó_84

Derrick Rose, MVP 2011, gáàdì. Orúnkún, 2012. Orúnkún ò mọ gáàdì yàtọ̀, àbúrò.

Àmọ́ mo gba ti Darko àti Bagley fún ẹ, ìyẹn òótọ́ ni. Portland náà, ohun tó tì wọ́n sí Bowie ni pé wọ́n ti ní Clyde Drexler tí wọ́n mú ní 1983, wọ́n ní àwọn ò nílò Jordan. Wọ́n ń wá ẹni tó máa dí ihò. Ẹ má fi ọmọ dí ihò, ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀. Drexler yẹn náà ló sì wá lọ bá Ọlájùwọ́n ní Houston láàárín sáà 1995 tí wọ́n fi jọ gba ife kejì. Mo mọ̀ pé o ti fẹ́ sọ ọ́, mo yáa sọ ọ́ fúnra mi.

Pásì_Kíákíá

Ẹ ṣe é o ẹ̀gbọ́n 😂 ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Géèmù kẹta fáínà 2023, Jokić kó pọ́ìntì 32, rìbáùǹdì (bọ́ọ̀lù tó tàsé tó gbà) 21, ásíìsì (pásì tó di pọ́ìntì) 10. Jamal Murray tó jẹ́ gáàdì kó 34, 10, 10. Kò tíì sí tíìmù kan tí èèyàn méjì ti ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní géèmù kan rí. Nínú àwọn méjèèjì, ta lẹ fẹ́ pè ní igbákejì? Tẹ́ ẹ bá wo àwọn méjèèjì tí wọ́n bá ń ṣe pick-and-roll, ìyẹn kí ẹni gíga dínà fún gáàdì kó tó sáré lọ sí agbọ̀n, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń darí ẹnì kejì. Ẹ sì rántí pé ipò 41 ni wọ́n ti mú Jokić ní 2014, torí ó rí sanra, kò lè fò.

Sísí_Agbọ̀n

Ṣé àwọn ọkùnrin nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni? Ohun tẹ́ ẹ̀ ń jà lé lórí ti ṣẹlẹ̀ lójú wa kòrókòró ní WNBA, lígì àwọn obìnrin. Indiana Fever mú Aliyah Boston sí ipò kìíní ní 2023, ẹni gíga. Géèmù 13 ni wọ́n jẹ nínú 40. Wọ́n tún ní ipò kìíní lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú Caitlin Clark, gáàdì, wọ́n jẹ 20. Boston kan náà wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti wá ní ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù bá a lásìkò. Clark pín ásíìsì 337 lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí ní sáà kan ṣáájú ìgbà yẹn.

Ẹ̀gbẹ́ kejì: A'ja Wilson, ẹni gíga, MVP mẹ́rin, 2020, 2022, 2024, 2025. Kò sí gáàdì tó ní mẹ́rin. Èmi ò tíì rí ìdáhùn kan tó lè pa èkejì lẹ́nu mọ́.

Òpó_Tẹ́lẹ̀rí

Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ gíga yìí wọ̀ mí lára. Mítà 2.01 ni mí. Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí kóòṣì mi àkọ́kọ́ fà mí lọ́wọ́ lọ sábẹ́ agbọ̀n, ó ní ibí ni kí n dúró sí, kí n nawọ́ sókè. Tí mo bá gba rìbáùǹdì tí mo sì gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, fèrè á dún, á ní kí n fún gáàdì. Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo pé 19, tíìmù tó tóbi díẹ̀ pè mí láti wá gbìyànjú, kóòṣì ibẹ̀ ní kí n dúró sẹ́yìn ìlà, kí n gba bọ́ọ̀lù, kí n wo ẹni tó ń gé wọlé, kí n pásì fún un. Nǹkan kékeré ni. Mo gba bọ́ọ̀lù yẹn, mo sì dúró bí igi. Mi ò mọ ohun tí ojú mi yẹ kó wò, torí láti ìgbà tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí àwọn tí mò ń bá gbá a. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Kóòṣì, tẹ́ ẹ bá máa mú ọmọ yẹn kẹ́ ẹ wá gbìn ín sábẹ́ agbọ̀n, ẹ má mú un, ẹ bá mi fi í sílẹ̀ kó lọ síbòmíì. Àwọn ẹni gíga máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbó. Ọlájùwọ́n gólì ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó tún gbá handball, kó tó di pé wọ́n fi básíkẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́ nígbà tó ti di ọ̀dọ́, ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé ń yìn yẹn, ibẹ̀ ló ti kó o wá. Embiid náà ti dàgbà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn ní ìdánrawò, kó máa sọ ọ́ nù, kí gáàdì máa já a gbà, ẹ má fọn fèrè. Tí wọ́n bá ti já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ìgbà ogún, kò ní gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí ìbàdí mọ́, ara ẹ̀ á kọ́ ọ.

Dífẹ́ńsì_Nìkan

Ẹ kú ìfaradà, bọ̀ọ̀dá. Ó dùn mí.

Kóòṣì_Ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ẹ ṣeun gan-an, mo ka ti Òpó_Tẹ́lẹ̀rí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣe bí Arábìnrin_Ìṣirò ṣe wí, mo ní kí ọmọ gíga yẹn ju bọ́ọ̀lù ẹ̀ṣẹ̀ 20. Méje péré ló wọlé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ rọ̀, bọ́ọ̀lù ń yí dáadáa lójú òfuurufú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Òun ni mo mú. Kì í ṣe torí gíga nìkan o, ỌmọỌta_Mẹ́ta, mo gbọ́ ohun tó o sọ. Ìdí tí mo fi mú un ni ẹ̀ẹ̀mẹta tí gáàdì yẹn yí padà. Nínú gbogbo àwọn tí mo ní, kò sí ẹlòmíì tó lè yí èrò ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ padà láì fọwọ́ kàn án, gáàdì tó mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa mo ti ní méjì. Lánàá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó máa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó sọ ọ́ nù ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, mo kà á. Mi ò fọn fèrè.

Sísí_Agbọ̀n

Kóòṣì, ọmọ kékeré yẹn ńkọ́? Ẹ má ní ẹ lé e lọ.

Kóòṣì_Ìrọ̀lẹ́

Mi ò lé e o. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ fún un pé mi ò ní jẹ́sì láti fún un ní sáà yìí, àmọ́ kó máa wá bá wa ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni bá ṣèṣe òun ló kàn. Inú ẹ̀ bàjẹ́, mo rí i lójú ẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó gbé báàgì ẹ̀ lọ. Mo rò pé ó tán nìyẹn.

Lónìí ó ti dé kí n tó dé. Ọmọ gíga yẹn ló bá níbẹ̀, ó ní kó lọ dúró síwájú agbọ̀n kó nawọ́ sókè. Ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó dé ibi tó máa ń yí padà yẹn, kò yí padà, ó sọ ọ́ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ìka ọwọ́ kan kí tọ̀hún tó fò. Àkọ́kọ́ tàsé, èkejì tàsé, wọ́n ṣe é títí àwọn tó kù fi dé. Nígbà tí mo máa jókòó ká tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan kọjá lórí ìka ọmọ gíga yẹn, ó fi díẹ̀ báyìí jù ú, ó sì wọlé láì kan irin. Ọmọ gíga yẹn ló kọ́kọ́ pariwo.